Ṣíbí, bọ́tìnnì, ìbọ̀sẹ̀: ìbéèrè àwọn òbí nípa occupational therapy fún ọmọdé

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀ rárá. Ohùn tí wọ́n fi ń bi í ló ń yàtọ̀: ẹlòmíì ń bi í pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ẹlòmíì pẹ̀lú ìtìjú, ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀ pẹ̀lú ìbínú pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ ọ́ fóun láti ọjọ́ yìí. Mo kó wọn jọ síbí. Kò pọn dandan kí ẹ kà á tẹ̀léra. Ẹ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín.

Kí tiẹ̀ ni occupational therapy? Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í kúkú ṣe òṣìṣẹ́.

Orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lóṣù kẹta ọdún 1917 ni àwọn tó dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ pàdé ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n pè ní "occupation" kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí. Gbogbo ohun tó ń gba ọwọ́ àti àsìkò èèyàn láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń sọ. George Edward Barton, ayàwòrán-ilé tó gbà wọ́n lálejò lọ́jọ́ náà, ti mọ̀ ọ́n lára ara rẹ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá a fà á, apá òsì rẹ̀ ti rọ, iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ igi ló sì fi gba ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ọmọdé, ohun tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kò ṣòro kà. Ó ń jẹun, ó ń wọṣọ, ó ń wẹ̀, ó ń yàgbẹ́, ó ń ṣeré, ó ń sùn, ó ń jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé. Èyí tó bá há a lọ́wọ́ nínú wọn ni OT, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ké e kúrú, máa ń bá a dá sí.

Ṣé kì í ṣe físíò náà nìyẹn?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan náà la jọ máa ń tọ́jú. Físíò á wo bí ẹsẹ̀ ṣe gbé ara dúró àti bí iṣan ṣe lágbára tó. Èmi á béèrè pé: kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi ara náà ṣe? Ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni ẹnì kẹta wa, òun náà ló sábà máa ń mójú tó bí ọmọ ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá bá ara wa sọ̀rọ̀, òbí ló máa jìyà rẹ̀, torí iṣẹ́ àmúrelé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ó kó lé e lórí lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn ọmọ wo ló wà fún?

Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ wá sí èèyàn lọ́kàn ni ọmọ tó ní cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara gbéra dáadáa), Down syndrome (ìṣòro àbímọ́ tó ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó mọ nǹkan ṣe) tàbí ọ̀tísímù, àti ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé báyìí ló ń ṣe wọ́n. Ìyá kàn ṣàkíyèsí pé àbúrò ti ń wọ bàtà fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì ṣì ń na ẹsẹ̀ síta kí wọ́n wá wọ̀ ọ́ fún òun. Ìyẹn tó láti wá béèrè. Níbi tí òfin bá ti ní kí dókítà kọ̀wé kí wọ́n tó gbà yín, ẹ lọ gba ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó de orúkọ àìsàn.

Ọjọ́ orí wo ló yẹ kó ti máa ṣe kí ni?

Àjọ CDC, tó ń bójú tó ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà, tún àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ṣe lọ́dún 2022. Kìkì ohun tí mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin, ó kéré tán, ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pé ọjọ́ orí náà ni wọ́n kó síbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò fi ọmọ tó yára jù ṣe òṣùwọ̀n. Èyí tó kan iṣẹ́ wa nínú rẹ̀ nìyí. Ọmọ oṣù 12 ti ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣa nǹkan wẹ́wẹ́. Ọmọ oṣù 18 ti ń gbìyànjú ṣíbí, ó sì ń mu nínú ife tí kò ní ìdérí, bó bá tiẹ̀ ń dà á sára. Ní ọdún 2 ó ń fi ṣíbí jẹun. Ní oṣù 30 ó ti ń bọ́ díẹ̀ lára aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá, ó sì ti ń wọ aṣọ díẹ̀. Ní ọdún 4 ó ń tú bọ́tìnnì, ìka ló sì fi ń mú kréyọ́nù, kò dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ní ọdún 5 ó ń de bọ́tìnnì.

Ẹ kíyè sí i pé bíbọ́ ló ń ṣáájú wíwọ̀, títú ló sì ń ṣáájú dídè. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń ti òdìkejì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á wá máa bínú. Okùn bàtà kò tiẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó di ọdún 5 sí 6 kí ẹ tó ronú kàn án. Bí wọ́n bá sì bí ọmọ yín ní oṣù méjì ṣáájú àsìkò, ẹ yọ oṣù méjì náà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí á fi pé ọdún 2, kí ẹ tó fi wé ẹnikẹ́ni.

Ohun méjì wà tí mi ò ní sọ pé kí ẹ ṣì máa wò ó. Ọ̀kan ni ọmọ tó ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń nà sí nǹkan, tó máa ń di èkejì ní ìkúùkù. Ẹ má sọ pé ọlọ́wọ́ òsì la bí. Ó lè jẹ́ pé apá kan ara rẹ̀ kò lágbára tó èkejì ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Màmá mi ní ọ̀lẹ lásán ni, pé àkẹ́jù ló bà á jẹ́.

Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, mi ò sì í bá màmá jà. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n wo ojú ọmọ náà nígbà tó bá ń gbìyànjú. Ọ̀lẹ kì í làágùn. Ọmọ tó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, tó gbé èjìká kan etí, tó ń bá bọ́tìnnì kan ṣoṣo fà á fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, tó wá jù ú sílẹ̀ tó ní "mi ò ṣe mọ́", ọmọ yẹn ti ṣiṣẹ́ ju gbogbo wa lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní developmental coordination disorder. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ti tó iléèwé lọ, nǹkan bíi 5 sí 6 ló ní in. Ọpọlọ wọn jí pépé, kò sì sí àrùn kan tó mú iṣan wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn tó mọ ohun tuntun. Wọ́n á máa kọlu ilẹ̀kùn, ife á máa já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní fẹ́ bá ẹgbẹ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn onímọ̀ kì í sábà fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni kí ọmọ tó pé ọdún 5, torí ṣáájú ìgbà yẹn àwọn ọmọ kì í dàgbà lọ́gbọọgba. Ìyẹn ò ní ká má bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́.

Àkẹ́jù náà wà o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ṣíbí rí, nítorí kó má ba aṣọ jẹ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ hàn: ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ ọn. Èyí tí ẹ ti fún láyè, tí ẹ ti kọ́, tí ẹ ti tún kọ́, tí kò sì yí padà, ẹ má pe òun ní ọ̀lẹ mọ́.

Kí la máa bá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

A ó sọ̀rọ̀, ọmọ á ṣeré, èmi á máa wò. Màá bi yín bí òwúrọ̀ ṣe ń rí nílé yín láti ìgbà tó bá ti jí: ta ló ń bọ́ aṣọ rẹ̀, ibo ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo lè fún un ní àlùmọ́gàjí àti bébà, kí n ní kó fò, kó gun nǹkan, kó bọ́ bàtà rẹ̀. Àwọn ìdánwò wà tí a fi ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, mo sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wúlò jù fún mi ni èyí: bí ohun kan ṣoṣo bá lè yí padà láàárín oṣù mẹ́ta, kí lẹ máa fẹ́ kó jẹ́?

Àṣìṣe ló kọ́ mi níyẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ ọmọkùnrin kan bí wọ́n ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, inú mi sì dùn. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé ohun tó ń pa ọmọ òun lẹ́kún níléèwé ni pé kò lè ṣí ìdérí ike omi rẹ̀. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ títí òun á fi wá mú un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Nígbà tí a wá dojú kọ ìdérí ọ̀hún, ìgbà méjì péré tó wá ló gbà wá.

Eré ni mo rí tí wọ́n ń ṣe. Ṣé eré ni mo ń sanwó fún?

Eré ni, ẹ ò ṣì í rí. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan tí mo la ẹnu sí, tí mo ya ojú méjì sí lókè ẹnu náà. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ kan fún un, ẹnu á là. Á wá fi ọwọ́ kejì mú bọ́tìnnì fi bọ́ ọ. Ọwọ́ tó ń fún un ń di alágbára, ọwọ́ tó ń mú bọ́tìnnì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mú ohun tínńtín, àwọn méjèèjì sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí dídè bọ́tìnnì ẹ̀wù ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí mo bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta fún rọ́bà lẹ́ẹ̀ogún, á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, á dìde. Nítorí pé ebi ń pa bọ́ọ̀lù, á ṣe é lẹ́ẹ̀ogójì.

Bákan náà ni tọmọ tó dojú bolẹ̀, tó fi ìgúnpá gbé ara ró, tó ń to igi ìṣeré. Èjìká àti ọrùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí èjìká ò bá dúró, ìka ò lè ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́.

Ẹ ṣọ́ ohun kékeré lọ́dọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páìpù bébà ìnùdí kọjá lè há a lọ́nà ọ̀fun. Irú eré bọ́tìnnì yìí, kí àgbà jókòó tì í ni.

Báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ní ohun tó ti kọ̀ jálẹ̀? Ìbọ̀sẹ̀ ni tiwa.

Láti ẹ̀yìn la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí pẹ̀lú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan. Bó bá ti rí ìbọ̀sẹ̀ báyìí, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìdí. Lọ́jọ́ kìíní, ìyá rẹ̀ bá a wọ̀ ọ́ títí tó fi kọjá gìgísẹ̀, ó ku díẹ̀ kó gun ọrùn ẹsẹ̀. Ó wá dúró. "Ó kù ẹ́ o." Ọmọ wo ìyá, ó wo ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó gòkè. Ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀! Òun ló parí rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀ yẹn nìkan.

Lẹ́yìn náà, ìyá ń dúró lábẹ́ gìgísẹ̀. Ibẹ̀ le. Gìgísẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ máa ń há sí, torí iwájú nìkan ni ọmọ máa ń fà, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ló yẹ kóun ki àtàǹpàkò bọ̀. A ran òwú pupa kékeré mọ́ ẹ̀yìn ìbọ̀sẹ̀ náà, a ní kó wá pupa kó tó fà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn gbà wá, ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹkún. Nígbà tó ku kó ká ẹnu ìbọ̀sẹ̀ jọ kó sì ki ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo ní kí wọ́n fún un ní ti bàbá rẹ̀, tó tóbi tó sì ti gbó, kó kọ́kọ́ máa fìyẹn ṣeré. Kò tó oṣù kan àbọ̀ tó fi ń dá wọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìdí tó fi máa ń ṣiṣẹ́ ni pé gbogbo ìgbà ni ọmọ ń parí rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Bí a bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀, ibi tó le jù ló máa kọ́kọ́ pàdé. Á sú u, àgbà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ parí, ohun tó sì máa kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé òun ò lè ṣe é. Síìpù náà ń gbọ́ ọgbọ́n yìí: ẹ bá a ki ìdí rẹ̀ bọra, kí òun fà á gòkè. Ṣòkòtò náà ń gbọ́ ọ: ẹ bá a fà á dé orúnkún, kí òun dìde kó fà á dé ìbàdí.

Nígbà tó bá ń ṣe é, ẹ dín ẹnu kù. "Fà á, rárá, níbẹ̀ yẹn, yí i, kì í ṣe báyẹn" kò ràn án lọ́wọ́. Ó ní láti gbọ́ yín, kó tún máa wá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ibi tó kàn, kẹ́ ẹ dákẹ́.

Ta ló ní àyè gbogbo ìyẹn láàárọ̀?

Kò sẹ́ni tó ní in. Ẹ má kọ́ ọmọ ní ohun tuntun láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, àfi ìgbésẹ̀ ìkẹyìn tó ti mọ̀ yẹn. Lálẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ lẹ máa kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ Sátidé.

Kí la lè yí padà nínú ilé?

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nínú iṣẹ́ tiwa, a máa ń gbé pẹpẹ wálẹ̀. Ìdajì ohun tí OT ń ṣe ni kó yí ohun tó wà láyìíká ọmọ padà, kó fi ọmọ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àga ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ jókòó sórí nǹkan gíga tí ẹsẹ̀ yín ò kanlẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ yín. Ìdí á máa yọ̀, ara á máa wá ohun tó máa dì mú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń jẹun lójoojúmọ́, tí a sì ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí tábìlì má sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìgúnpá rẹ̀ lọ. Nílé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ńkọ́? Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro kò lè gìn dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun á já sínú ihò náà. Àpótí yẹn kan náà ni. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá le, tó ń dùn ún, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà nípa ìyẹn. Kò sí OT tó lè kọ́ ọmọ láti fẹ́ràn ohun tó ń dùn ún.

Ní ti oúnjẹ, ṣíbí tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú tó sì sanra ló rọrùn fún un. Ẹ fi oúnjẹ tó ki, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, bẹ̀rẹ̀; èyí tó ń ṣàn á ti dà tán kó tó dé ẹnu. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kó má bàa máa yọ̀.

Aṣọ: ṣòkòtò onírọ́bà fún ìgbà díẹ̀, bàtà alẹ̀mọ́ra dípò olókùn. Àwọn òbí kan máa ń rò pé mo ń kọ́ ọmọ ní ìmẹ́lẹ́. Ọmọ tó bá lè yára bọ́ ṣòkòtò kó tó tọ̀ sára, tiẹ̀ ti dáa lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀wù tí ẹ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì la ó máa fi kọ́ ọ ní bọ́tìnnì.

Olùkọ́ rẹ̀ ní kò mọ pẹ́ńsù mú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni; ẹ ti bá mi dáhùn ìdajì rẹ̀. Ọmọ máa ń ya ìlà kó tó kọ lẹ́tà. Ní bí ọdún 3, ó lè wo róbótó kó yà á. Ní bí ọdún 4, ó lè ya àgbélébùú. Onígun mẹ́rin ń bọ̀ láàárín ọdún 4 sí 5, onígun mẹ́ta ní bí ọdún 5. Ẹ wá wo lẹ́tà A tàbí K: ìlà tó dagun ló pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí kò tíì lè ya ìlà tó dagun, kí lẹ fẹ́ kó fi kọ ọ́?

Ìka mẹ́ta la máa ń fi kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé ìwé ẹni tó ń fi ìka mẹ́rin mú un kì í burú ju ti àwọn yòókù lọ, kì í sì í lọ́ra jù wọ́n. Bí ọwọ́ ò bá ń dun ọmọ, tí ohun tó kọ sì ṣeé kà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Bó bá ṣì ń dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ ṣẹ́ kréyọ́nù sí wẹ́wẹ́. Kréyọ́nù tó kúrú bẹ́ẹ̀ kò gba ìkúùkù. Ìka ló máa fi mú un, bó fẹ́ bó kọ̀. Ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri kó máa yàwòrán ní òòró, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á kọ́ bó ṣe yẹ kóun dúró.

Ọmọ tó ń lo òsì ńkọ́? Ẹ má nà án, ẹ má yí i padà. Ẹ dagun orí bébà sápá ọ̀tún díẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì wá àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì. Abẹ èyí tó wọ́pọ̀ máa ń bo ibi tó fẹ́ gé mọ́ ọn lójú, a ó sì máa sọ pé kò mọ bébà gé.

Kò fẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì aṣọ kan ọrùn òun, ó ń di etí sí ariwo, bẹ́ẹ̀ ó tún ń fi gbogbo ara kọlu àga. Kí ló dé?

A. Jean Ayres, tó ṣe iṣẹ́ OT ní California, ló fi ọ̀rọ̀ yìí sójú táyé. Ó pè é ní sensory integration: bí ọpọlọ ṣe ń gba ohun tí ara ń gbọ́, tó sì ń lò ó. Yàtọ̀ sí ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara, ó tẹnu mọ́ méjì tí a kì í sábà kà: èyí tó wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá a dúró tàbí a ń yí, àti èyí tó wà nínú iṣan àti oríkèé, tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí ọwọ́ wa wà bí a bá tiẹ̀ dijú. Lára ọmọ kan, ohun kékeré á dún bí ohun ńlá. Ọmọ mìíràn ní láti rí ohun ńlá kí ara rẹ̀ tó gbọ́. Àwọn méjèèjì lè wà lára ọmọ kan ṣoṣo, bíi tiyín yìí.

Ẹ gé lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ wọ aṣọ náà ní òdì fún un bó bá jẹ́ ojú rírán ló ń rin ín. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ẹ tó tan ẹ̀rọ aláriwo. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ yín wúwo, kó dúró síbì kan. Èyí tó ń rìn wérewère lára ló ń lé irú wọn sá. Kí ó tó di pé ẹ ní kó jókòó, ẹ jẹ́ kó ti nǹkan, kó gbé nǹkan, kó gun nǹkan.

Ibi tí mo ti máa ń ṣọ́ra ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ọjà. Lọ́dún 2012, American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gba àwọn dókítà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fún irú ìṣòro yìí lórúkọ bí àìsàn tó dá dúró, kí wọ́n sì jẹ́ kí òbí mọ̀ pé ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn irú ìtọ́jú yìí kò tíì pọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fá ara ọmọ yín tàbí ń fì í lórí jangirọ́fà fún oṣù mẹ́fà, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó ti yàtọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀ tàbí aṣọ wíwọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè.

Ṣé kí n ra búláńkẹ́ẹ̀tì wúwo tí wọ́n ń polówó?

Fún ọmọ ọwọ́, rárá o. Ó lè dí i lémìí. Fún ọmọ tó dàgbà díẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó náwó, kó sì jẹ́ èyí tí ọmọ lè ká kúrò lára fúnra rẹ̀.

Wọ́kà àti fóònù ńkọ́?

Wọ́kà kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn; Kánádà fòfin de títà rẹ̀ lọ́dún 2004. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dáa jù. Ní ti fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó wò ó, kí ó má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 2 sí 4. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ni pé fífi ìka ra gíláàsì kì í fún ìka lágbára.

Ó máa gba ìgbà mélòó?

Ó dá lórí ohun tí a ń wá. Bí ó bá jẹ́ ohun kan pàtó tó ṣe kedere, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá sábà máa ń tó láti mọ̀ bóyá a ń lọ síwájú. Ọmọ tó ní cerebral palsy lè máa wá, kó sinmi, kó tún padà wá nígbà tí iṣẹ́ tuntun bá yọjú, bí ìgbà tó bá fẹ́ wọ iléèwé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láìsọ ohun tó máa fi hàn pé ó ti tó, kò tíì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹni náà mọṣẹ́?

Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́ àti bóyá ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. World Federation of Occupational Therapists, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí 1,000 ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú kó tó gboyè. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú yín náà tó o. Ṣé ó ń pè yín wọlé wá wo ohun tó ń ṣe, àbí ìta lẹ máa ń jókòó sí? Ṣé ó ń kọ́ ẹ̀yin náà? Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun máa wo ọ̀tísímù sàn, ẹ gbé ọmọ yín, ẹ máa lọ.

Kò sí OT kankan nítòsí wa. Kí ni ká ṣe?

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ọjọ́ ọmọ yín, èyí tó ń fa ẹkún jù. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ìkẹyìn jẹ́ tirẹ̀, kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn bó bá ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo àga rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ wá ẹni tó lè rí yín lórí fídíò. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Kí ẹ tó pè, ẹ ya fídíò kékeré, ìṣẹ́jú méjì tó, níbi tó ti ń ṣe ohun náà láìsí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà. Ojú ọmọ ni gbogbo òbí máa ń yà fún mi.